Kọ̀ǹpútà tó ń kú lálẹ́ ní Parakin

Lálẹ́ nìkan ni kọ̀ǹpútà yìí máa ń kú, ìyẹn náà bí ọmọ tó ni ín bá ń gbá géèmù lórí rẹ̀. Lójú ọ̀sán, ara rẹ̀ le kokooko. Ọmọ náà sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n etí mi kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó ju ọjọ́ méjì lọ wá gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni, ọyẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀, ọmọ sì gbé kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e. Ìró àǹkárá ni wọ́n fi wé e bí ọmọ tuntun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ẹ bá mi bá àbúrò yín yìí sọ̀rọ̀. Géèmù ló fi ba nǹkan olówó gọbọi yìí jẹ́."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ ìdajì, nítorí ẹrù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ káàsán, sà. Kì í ṣe géèmù, sà. Lálẹ́ nìkan ló ń ṣe é."

Ọdún kejì ló wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àmọ́ ilé ìyá rẹ̀ ní Parakin ló ń gbé. Mo ní kí Màmá jókòó, mo fún wọn ní omi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọmọ ní ìbéèrè nípa gbogbo nǹkan, àfi ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú àpótí náà. Prósẹ́sọ̀ rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni Core i5-4590 ti Intel. RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, jẹ́ 8GB. SSD kékeré kan, ìyẹn ibi ìpamọ́ tó yára, ni Windows 10 wà lórí rẹ̀, hard disk àtijọ́ kan ló sì kó géèmù sí. Káàdì géèmù rẹ̀, èyí tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ni GTX 1060 oní-6GB tó rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jáde ilé ìwé. Páwà páàkì rẹ̀, ìyẹn àpótí kékeré tó ń gba iná lára ògiri tó sì ń pín in fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà, bá àpótí ńlá wá láti ọjà. Wọ́n kọ 500W gàdàgbà sí i lára. Géèmù méjì ló máa ń gbá, FIFA àti GTA V.

Bó ṣe ń kú nìyí: kì í yọ ojú búlúù tí Windows máa ń yọ bó bá ṣubú, kì í pariwo, kì í fà kó tó kú. Ojú rẹ̀ á kàn ṣú, fáànù á dúró, bí ẹni pé ẹnì kan fa wáyà rẹ̀ yọ. Nígbà míì á tún tan ara rẹ̀. Nígbà míì, àfi kí wọ́n pa á níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó tún lè tàn án.

Ẹni kan ti fọwọ́ kàn án ṣáájú mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń jẹ. Ó fi Windows tuntun sí i, ó yọ RAM tó wà níbẹ̀, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó sì gbowó méjèèjì. Nígbà tí àìsàn náà kò lọ, ó ní káàdì ló ti rẹ̀, pé GTA ti wúwo jù fún un, kí wọ́n lọ ra èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ló lé Màmá wá sọ́dọ̀ mi, nítorí owó káàdì tó dárúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé ìwé.

Ọ̀rọ̀ káàdì yẹn kò wọ̀ mí létí. Oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni GTA V jáde fún kọ̀ǹpútà, GTX 660 sì ni káàdì tí àwọn tó ṣe é ní kí èèyàn ní kó lè gbá a dáadáa. GTX 1060 jáde ní 2016, ó sì fi 660 sílẹ̀ lọ fíìfíì. Yàtọ̀ síyẹn, géèmù tó bá wúwo ju káàdì lọ máa ń wọ́ bí ìgbín ni, kì í pa kọ̀ǹpútà lójijì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí nǹkan máa fà àti kí nǹkan kú yìí, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni kì í yà á sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n èmi náà lọ ṣe tèmi. Nígbà tí mo ṣí àpótí, eruku tó wà nínú rẹ̀ tó fi mọ irọ̀rí kékeré. Fáànù prósẹ́sọ̀ ti di, ọ̀dà tútù tó yẹ kó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin orí rẹ̀ ti gbẹ bí ẹ̀kọ àná. Mo wọn ooru rẹ̀ nígbà tí géèmù ń lọ, ó jẹ́ dígíríì 91. Mo fi bulówà fẹ́ eruku jáde, mo nu ọ̀dà àtijọ́, mo fi tuntun sí i, ooru wá sí 66. Inú mi dùn. Mo gbá FIFA fún wákàtí kan, mo tún fi FurMark, ètò tí a fi ń dán agbára káàdì wò, na káàdì fún ìdajì wákàtí, kò kú. Mo gbowó iṣẹ́, mo ní ó ti tán.

Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Irú prósẹ́sọ̀ yẹn máa ń dín eré ara rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ bó bá ń sún mọ́ 100, kó tó pa kọ̀ǹpútà. 91 kò dára, àmọ́ kò lè pa á. Mo rí ìdọ̀tí, mo sì gbà pé ìdọ̀tí náà ni ẹlẹ́bi, torí pé òun ni mo rí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, fóònù mi dún. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ó tún ti kú."

Ó gbé e padà lọ́jọ́ kejì, mo fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ méjì, mo ń gbá géèmù lórí rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án bí ẹni tí kò níṣẹ́. Kò kú. Mo fi MemTest86 yẹ RAM wò, kò sí àṣìṣe kankan. Mo ní kí ọmọ náà mú RAM àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ wá, òun náà kò ní àìsàn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti rà tuntun. (Mo kó méjèèjì sí i pọ̀. 16GB ló ń lò báyìí, ìyẹn nìkan ni èrè tó wà nínú gbogbo wàhálà náà.) Mo yẹ SSD àti hard disk wò. Mo yẹ káàdì wò. Mo wo ìwé ìrántí tí Windows máa ń kọ fúnra rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Event Viewer, mo bá Kernel-Power 41 níbẹ̀ tó tò bí kòkòrò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí 41 yẹn kí wọ́n tó máa wá oògùn rẹ̀ kiri. Kò ní oògùn. Ohun tó ń sọ kò ju pé "wọ́n tàn mí, mo sì rí i pé wọn kò pa mí dáadáa nígbà tó kọjá." Ibi tó yẹ kí èèyàn wò ni BugcheckCode tó wà nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà tí kì í ṣe 0 bá wà níbẹ̀, Windows fúnra rẹ̀ ló ṣubú, nọ́ńbà náà á sì sọ ibi tó ti yọ̀. Ti ọmọ yìí jẹ́ 0 ní gbogbo ìgbà. Windows kò mọ ohun tó pa á. Iná ló lọ lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ti yẹ ohun mẹ́fà wò, ilé ìyá ọmọ ni ìkeje, n kò sì tíì débẹ̀.

Kí n tó lọ, mo fún un ní ìwé. Mo ní kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá kú: aago mélòó, géèmù wo, kí ni àwọn ará ilé ń ṣe lọ́wọ́. Ó rò pé mò ń fi òun ṣeré ni, àmọ́ ó kọ ọ́. Láàárín ọjọ́ márùn-ún ó kú nígbà mọ́kànlá. Mẹ́wàá nínú rẹ̀ bọ́ sí àárín aago méje alẹ́ sí aago mẹ́wàá àbọ̀. Ìkọkànlá ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ó kọ ọ́ pé: "Màmá ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo kà á, mo bú sẹ́rìn-ín, mo wá ọ̀kadà lọ sí Parakin.

Aago méje ku díẹ̀ ni mo dé. Gílóòbù pálọ̀ pọ́n bí ọsàn tó ti rà, fáànù òkè ń yí bí ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ. Màmá ní bí iná àdúgbò àwọn ṣe ń rí nìyẹn lálẹ́ látìgbà tí ilé ti pọ̀ sí i. Mo ti mítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kọ̀ǹpútà ń lò. Fóòtì 230 ló yẹ kó wà níbẹ̀. 171 ni mo rí. A jókòó, à ń wò ó. Nígbà tó di aago mẹ́jọ, tí gbogbo àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́, ó wálẹ̀ sí 158. Ọmọ náà ṣí GTA. Mo ní kí Màmá ti áyọ́ọ̀nù bọ iná fún mi.

152. Kọ̀ǹpútà kú.

"Háà!" ni Màmá ṣe. "Ṣé géèmù ló wá ń jẹ iná ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà, ó ń jẹ ẹ́ gan-an. Nígbà tí kọ̀ǹpútà yìí bá dúró láìṣe nǹkan, tàbí tí wọ́n ń fi tẹ ìwé, kò gbà ju bíi wáàtì 50 lọ. Bí géèmù bá bẹ̀rẹ̀, káàdì nìkan lè gba 120, prósẹ́sọ̀ lè gba tó 84 kún un. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń kú nígbà tí ọmọ bá ń ka ìwé tàbí wo fíìmù. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ńkọ́? Lẹ́yìn sitabiláísà ńlá ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ń gbé, fóòtì 220 ni kọ̀ǹpútà náà ń rí láti àárọ̀ títí mo fi ń ti ilẹ̀kùn. Mo ti gbé aláìsàn kúrò níbi tí àìsàn wà kí n tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú páwà páàkì rọrùn láti mọ̀. Iná tó bá wọlé ni yóò kọ́kọ́ yí padà, yóò sì kó sínú kàpásítọ̀ ńlá méjì bí omi inú dúrọ́ọ̀mù. Bí 230 bá wọlé, nǹkan bíi fóòtì 325 ni yóò wà nínú dúrọ́ọ̀mù yẹn. Bí 152 bá wọlé, 215 péré. Oríṣi páwà páàkì olówó pọ́ọ́kú yìí kò lè fi 215 ṣe iṣẹ́ 325 bí ẹrù bá wúwo. Fóòtì 12 tó ń fún káàdì á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, páwà páàkì á yọwọ́ kúrò, kọ̀ǹpútà á kú.

Ọmọ náà wá sọ ohun kan tó jẹ́ kí ara mi bù máṣọ. Ẹ̀yìn páwà páàkì rẹ̀ ní súwíìṣì pupa kékeré kan tí wọ́n kọ 230 àti 115 sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ti gbà á nímọ̀ràn pé bí iná bá kéré, kó yí i sí 115. Ọpẹ́ ni pé kò tíì ṣe é. Ẹ má ṣe é láé. Ní 115, ṣe ni kàpásítọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ ìdajì dúrọ́ọ̀mù náà, yóò máa gba gbogbo ohun tó bá wọlé. Bí iná bá tún padà sí 230 lóru, tí ìwọ sì ti sùn, yóò dún gbàmù bí ìbọn ìlewọ́, èéfín á sì gba ilé kan.

Màmá ra sitabiláísà lọ́jọ́ kejì. Alẹ́ àkọ́kọ́, ọmọ gbá géèmù fún wákàtí méjì àbọ̀, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Alẹ́ kejì, ó dára. Èmi náà ti ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Alẹ́ kẹta, fóònù dún.

Mo jẹ́wọ́ pé ó bí mi nínú. Kì í ṣe sí ọmọ náà, sí ara mi ni. Mo padà lọ ní alẹ́ Ẹtì. Mo ti mítà kan sára ògiri, mo ti ìkejì sẹ́yìn sitabiláísà. Ògiri ń lọ sókè sódò láàárín 150 sí 180. Ẹ̀yìn sitabiláísà dúró ní 218, ó sún sí 224, ó padà sí 216. Kò sí ohun tó ṣe é. Kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ń wakọ̀ nínú GTA, ó ń tẹ àwọn èèyàn pa lójú títì, Màmá ń mi orí. Ìṣẹ́jú ogójì kọjá. Lójijì ó kú. Mo wo mítà: 219.

Ó tàn án padà. Lọ́tẹ̀ yìí mo di ojú mi. N kò wo mítà mọ́, mo kàn ń gbọ́. Sitabiláísà máa ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní in nílé mọ̀ ọ́n. Bí iná bá yí, á dún "kàá" bó ṣe ń pààrọ̀ ipò. Kàá. Kò sí nǹkan. Kàá. Kò sí nǹkan. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: kàá, ojú kọ̀ǹpútà sì ṣú lẹ́ẹ̀kan náà, kò fi àyè sílẹ̀ láàárín.

Ọmọ náà ní, "Sà, ẹ gbọ́ ọ?"

Mo gbọ́. Láàárín kí irin inú sitabiláísà fi ipò kan sílẹ̀ kó tó mú ìkejì, iná kò sí rárá. Àkókò yẹn kéré débi tí mítà mi kò lè rí i, mílísẹ́kọ́ǹdì mélòó kan, ó lè tó mẹ́wàá tàbí kó lé díẹ̀. Ohun tó yẹ kó gbé kọ̀ǹpútà la irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kọjá ni omi inú dúrọ́ọ̀mù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Òfin tí wọ́n fi ń ṣe páwà páàkì kọ̀ǹpútà ní ó kéré tán kó lè dá dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdì 16 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Tiẹ̀ kò lè dá dúró tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Dúrọ́ọ̀mù ti jò.

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí n tó yọ ọ́, mo wọn wáyà ofeefee àti dúdú rẹ̀ nígbà tí FurMark ń na káàdì, lórí iná ṣọ́ọ̀bù mi tó dára: fóòtì 11.2 ló wà níbi tó yẹ kí 12 wà. Ohun tó bá lọ sílẹ̀ ju 11.4 lọ ti jáde kúrò nínú òfin. Bí mo bá ti wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ dípò kí n máa fẹ́ eruku, ì bá ti tán. Lẹ́yìn náà ni mo wá ka ìwé tó wà lára páwà páàkì náà dáadáa, kì í ṣe 500W gàdàgbà ti òkè, bí kò ṣe àwọn lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀. Níbi fóòtì 12, wọ́n kọ áḿpù 16. Ẹ fi 12 na 16, wáàtì 192 ni. Prósẹ́sọ̀ àti káàdì sì lè gbà tó 204 láàárín ara wọn. Orúkọ ló ní 500, agbára rẹ̀ kò dé ìdajì níbi tí géèmù ti nílò rẹ̀.

Kò tiẹ̀ ní ẹnu wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí káàdì náà ń fẹ́. Àsopọ̀ kan ni wọ́n fi so ó mọ́ ẹnu wáyà hard disk, funfun rẹ̀ ti di àwọ̀ kọfí láti inú ooru. Ìyẹn nìkan tó ohun tí ń dáná sun ilé.

Mo jẹ́ kó wà láìsí iná títí di ọjọ́ kejì, mo sì tún fa ohun tó kù nínú kàpásítọ̀ rẹ̀ jáde kí n tó tú u. Ẹ̀yin tí kì í ṣe iṣẹ́ yín, ẹ má tú páwà páàkì, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè ta èèyàn pa lẹ́yìn tí ẹ ti fa wáyà rẹ̀ yọ. Orí kàpásítọ̀ ńlá méjèèjì ti wú bí àkàrà.

N kò sọ fún Màmá pé kí wọ́n lọ ra òmíràn. Lẹ́yìn bí mo ṣe ti dárúkọ ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí bẹ́ẹ̀, ojú ń tì mí. Mo yá wọn ní ọ̀kan lórí tábìlì mi: tokunbo 450W, áḿpù 36 lórí fóòtì 12, ẹnu ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ti ara rẹ̀, kò sì ní súwíìṣì pupa, nítorí láti 100 sí 240 ni òun ń gbà láìbéèrè. Mo ní kí wọ́n yọ sitabiláísà, kí ọmọ máa kọ ìwé rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹwàá, ó mú ìwé náà wá fún mi. Ọjọ́ àti aago iná tó kéré jù ló wà níbẹ̀, ó ti ra mítà tiẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí iná wálẹ̀ sí 149 nígbà tó ń gbá FIFA. Níbi tó yẹ kó kọ "ó kú" sí, òfo ni.

Màmá wá san owó páwà páàkì náà fúnra wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sọ́jà. Kò tó ìdajì owó káàdì tí wọ́n ní kí wọ́n rà. Mo bi wọ́n pé sitabiláísà ńkọ́, bóyá kí n bá wọn tà á.

"Ẹ tà á kẹ̀? Ó ti wà nídìí fíríìjì mi láti ọjọ́ tí ẹ ti ní kí a yọ ọ́," ni wọ́n wí. "Ẹ̀ẹ̀kan náà nìyí tí géèmù ọmọ yẹn máa ṣe mí lóore."